Má Ṣe Tú Ohun Tí Ọwọ́ Wọn Ṣe

Bajulaiye, Ṣómólú.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ mi, kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, kí n tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, wàá ti ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣíwọ́ ná." Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí, bí mo bá dánu dúró ní ìdajì, mi ò ní lè padà sídìí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ń bá bébà ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ, ó yẹ kó lè fi ojú ewé mélòó kan bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Jẹun kó o tó kà á. Mo mọ̀ pé o ò tíì jẹun.

O kú iṣẹ́ tuntun, o kú ilé tuntun. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ní Bàrígà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Ìlàjẹ ni o wà, pé àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀kọ́ máa ń pẹ́ kó tó wọ̀ wọ́n lórí ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n á sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Ìyáàfin kan bi í pé ṣé kò sí iṣẹ́ ní báńkì mọ́ ni. Ìyá rẹ dá a lóhùn. Mi ò ní kọ ohun tó sọ síbí, torí ọjọ́ Àìkú la wà.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an. Mo ń sọ ọ́ kedere nítorí mo mọ̀ pé o rò pé inú mi ò dùn. Ó ti tó oṣù kan báyìí tó o ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí Àǹtí rẹ, Tinú àbúrò mi, máa wá sọ́dọ̀ yín. Oṣù kan náà ni mo fi ń wá àwáwí. Mo ní ọ̀nà jìn, bíi pé Bajulaiye sí Bàrígà ti di Ṣómólú sí Ìbàdàn. Mo ní oòrùn ń mú. Mo ní orúnkún ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ orúnkún tèmi ló ń dùn mí. O mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, o kàn bọ̀wọ̀ fún mi ni. Inú ìwé yìí ni òótọ́ wà, ṣùgbọ́n kò ní tètè jáde, torí náà ní sùúrù fún mi. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tí mo jìn sí kì í sì ṣe ẹyọ kan.

Èkíní, ọ̀wọ̀. Tinú ti lé ní àádọ́ta ọdún. O mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò wa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Tinú, wá bá mi ti ọmọlanke yìí wọlé." Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ń gbọ́, mi ò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé kò mọ ìyàtọ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ láti máa pè é ní Àǹtí, èmi kọ́. Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tó o ní, "Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ mà," o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Tinú wò ọ́, ó wọ yàrá lọ, ó sì pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ jáde, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni. Gbogbo ọjọ́ yẹn kò bọ́ ọ.

Nítorí náà, níbi iṣẹ́ rẹ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jù ọ́ lọ, máa kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó juni lọ. Sọ fún àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n má máa pè wọ́n ní "àwọn ọmọ wa." Ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ó bá ṣe ohun tí kò dáa, bá a wí bí àgbàlagbà ṣe ń bá àgbàlagbà wí. Ìyẹn náà wà nínú ọ̀wọ̀.

Èkejì, ìlẹ̀kùn. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tí ìyá mi sì ti fa Tinú lé mi lọ́wọ́, mo máa ń tì í mọ́lé láti ìta bí ìyá rẹ bá ti lọ sọ́jà, tí èmi náà sì ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo ní kó má baà sọnù. Òjò kan wá rọ̀ lọ́jọ́ kan, o mọ bí òjò ṣe máa ń ṣe ládùúgbò wa, omi wọlé títí ó fi kan ibùsùn. Àwọn ará ilé ń gbọ́ igbe rẹ̀, ṣùgbọ́n àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Orí tábìlì ni mo bá a nígbà tí mo dé, ó dìrọ̀ mọ́ férémù fèrèsé. Bàbá onílé wa ìgbà náà kò pariwo lé mi lórí. Ó kàn ní, "Ṣé o rí i, ìwọ lo sọ ọ́ nù. Òun ò sọnù níbì kankan."

Láti ọjọ́ yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn. A kọ́kọ́ mú un dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ó kí i, fọkanáísà dáhùn. Lọ́jọ́ kejì a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata. Oṣù mẹ́ta la fi dé ìkóríta, nítorí Tinú kì í fẹ́ kọjá ẹnikẹ́ni láìkí i, ó sì máa ń béèrè ẹni tí kò bá sí níjokòó. Nígbà tó yá, ó rìn lọ títí dé apá Oníípanu lọ́jọ́ kan, ọ̀nà sì dà rú mọ́ ọn lójú. Ọmọọṣẹ́ fọkanáísà ló rí i nínú èrò, ó sì mú un wálé. Ojúlùmọ̀ ń ṣọ́ni ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Má tìlẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn rẹ. Mú wọn dé etí omi ní Ìlàjẹ, kí wọ́n mọ àwọn ẹlẹ́ja lórúkọ, kí àwọn ẹlẹ́ja náà mọ̀ wọ́n lórúkọ. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n máa wọ kẹ̀kẹ́ wá, bá oníkẹ̀kẹ́ kan tàbí méjì sọ̀rọ̀, kó o sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wọn títí wọ́n á fi ní kó o máa lọ.

Ẹ̀kẹta, àwọn ìyá. Ọ̀pọ̀ wọn á mú ọmọ wọn wá fún ọ bí ẹni gbé ẹrù tó jí. Òmíràn á ní kó o jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ fi òróró yàn án lórí òkè àdúrà. Òmíràn á ní òun ò ní ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, bẹ́ẹ̀ o ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá. Má bínú sí wọn. Mo ti bínú rí. Ìyá mi gbé Tinú láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ibi àdúrà tí mi ò mọ iye rẹ̀, ó ń gbààwẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, mo ti ka ìwé díẹ̀, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Ẹ̀yin lẹ ń dààmú ọmọ yìí!" Ó gbójú sókè, ó ní, "Ó dáa. Ìwọ wá gbé e fún oṣù kan." Ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò gbé e rí.

Òwe kan wà tí wọ́n máa ń jù lu ìyá mi, pé ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn ará ìjọ pàápàá. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyá kankan rí i lójú rẹ. Kí ìyá kan tó sọ ohun tó ṣe ọmọ rẹ̀, bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ sùn. Fún un ní àga. Bá a pọn ọmọ náà fún ìwọ̀n wákàtí tó o lè pọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni mo rò pé iṣẹ́ rẹ jẹ́ gan-an.

Ó yẹ kí n wá kọ ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kù yìí kò ṣeé kà mọ́ àwọn yòókù. Òun ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo wá sí Bàrígà. O ò mọ̀. Mo ti tẹ ìwé ìléwọ́ tó o ní kí n bá yín tẹ̀, mo ní kí n gbé e wá fúnra mi kí n sì fojú ara mi wo ibẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá mo lè fi Tinú sílẹ̀ níbẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó lórí pèpéle lẹ́nu géètì, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Ó ní Mùtíù lòun ń jẹ́, pé àbúrò òun ń bọ̀ wá mú òun. A ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ okùn kan ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ búlúù àti funfun, ó sín in dáadáa, ó sì so ó ní ìdí.

Ó ní, "Èmi ni mo sín in. Ẹ má sọ fún wọn o."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e pamọ́?"

Ó ní, "Tí mo bá fi sílẹ̀, kì í sí níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́."

Mi ò lóye ohun tó sọ. Mo wọlé. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo rí ọ láti ojú fèrèsé, ìwọ àti ọmọbìnrin kan tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín lọ́jọ́ náà wà lórí tábìlì. Ẹ ń fi àlùmọ́gàjí gé ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń tú wọn padà sínú abọ́. Mo gbọ́ tí o sọ pé, "Jẹ́ ká ṣe kíá, kí wọ́n lè rí nǹkan sín lọ́la." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ. Ìwà búburú kankan kò sí lójú rẹ. Mo gbé ìwé ìléwọ́ náà fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì padà sílé. Ara mi ni mo rí, Àjọkẹ́.

Gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀rọ tèmi, Tinú ń bá mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé lójoojúmọ́, torí lẹ́yìn òjò yẹn mi ò tì í mọ́lé mọ́. Ìwé rìsíìtì ni iṣẹ́ wa púpọ̀ nígbà náà, èyí tó ní ojú ewé mẹ́ta, funfun, píǹkì àti yẹ́lò. Ẹnì kan ní láti máa tò wọ́n tẹ̀ léra. Tinú ní òun fẹ́ ṣe é. Ẹ̀rù bà mí pé á bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ni mo bá kó ìwé tó ti bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ fún un. Mo ní, "Iṣẹ́ tìrẹ rèé o." Ó tò ó. Funfun, píǹkì, yẹ́lò, kò ṣì í rí. Á gbá etí rẹ̀ lórí tábìlì kó lè dọ́gba, á fi okùn dì í, á ta á ní kókó méjì. Ó máa ń ṣáájú mi débi iṣẹ́. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé rìsíìtì lòun ń ṣe.

Bó bá ti lọ sílé nírọ̀lẹ́, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ fún ìyá alákàrà tó wà níwájú wa, kó máa fi pọ́n àkàrà. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Inú rẹ̀ ń dùn, iṣẹ́ mi ò bàjẹ́, ìyá alákàrà ń rí bébà. Ta ni mo ṣẹ̀?

Ìyá mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì rán an ní àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó rí ìdì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, okùn rẹ̀ pẹ̀lú kókó méjì ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní kí ìyá náà kó iṣẹ́ òun fún òun. Ìyá yẹn dáhùn, kò sì ní ibi lọ́kàn: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa ń kó o fún mi. Ó ní kò wúlò." Tinú gbé ìdì náà wá sọ́dọ̀ mi, òróró ti kan án. Oníbàárà méjì ń bẹ lọ́dọ̀ mi. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Bọ̀dá, tàná ńkọ́? Tìjẹta ńkọ́?" Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò fọwọ́ kan bébà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń kí oníbàárà, o sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ oníbàárà kí tó o. Ṣùgbọ́n bí bébà bá já bọ́ sílẹ̀, ó máa ń pè mí pé kí n wá mú un. O ti máa ń bi mí nígbà tó o wà lọ́mọdé pé kí ló dé tí Àǹtí kì í fi í mú bébà. Mo ní ó ń gé e lọ́wọ́. Irọ́ nìyẹn náà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò dán an wò rí. Bí mo bá fún un ní ojúlówó, ì bá ti ba díẹ̀ jẹ́. Kí ni mo ń pè ní díẹ̀? Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo ba odidi rímù jẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi gbá mi lórí, ó sì gbé òmíràn fún mi. Wọ́n gbà mí láyè láti bà á jẹ́. Èmi ò gba àbúrò mi láyè.

Nítorí náà, má tú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ́. Mo mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ wọ́n, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin méjì péré lẹ wà níbẹ̀. Bí kò bá tó, kí wọ́n sín ẹyọ kan lọ́sẹ̀, kí ẹni kan sì fi í sọ́rùn jáde. Ó sàn ju ọgbọ̀n tí àlùmọ́gàjí ń dúró dè lọ. Bí iṣẹ́ ẹnì kan ò bá dáa, sọ fún un pé kò dáa, fi hàn án, kó tún un ṣe. Má yìn ín tán kó o wá gé e lẹ́yìn rẹ̀.

Bí o bá sì ń wá iṣẹ́ mìíràn, jáde lọ béèrè. Má jókòó sínú gbọ̀ngàn kó o máa ronú ohun tí wọ́n lè ṣe. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, bi wọ́n léèrè ohun tó ń gba àkókò wọn. Ẹnì kan ní láti máa to ẹja sórí irin tó wà lókè iná, ẹnì kan ní láti máa fọ apẹ̀rẹ̀. Níbí náà, ilé ìtẹ̀wé pọ̀ lójú pópó wa ju ilé búrẹ́dì lọ, bí ọdún bá sì ti ń lọ sópin, gbogbo wa la máa ń wá ẹni tó máa bá wa to kàlẹ́ńdà. Mo ti bá ẹni mẹ́ta sọ̀rọ̀. Méjì gbà, ẹnì kan ní òun ń bọ̀ wá wò ó ná. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ ló pọ̀ jù wọ́n lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Má sunkún jù lórí ìwé yìí. Mo mọ̀ ọ́. Èmi fi ọdún kan àti ààbọ̀ ṣe é, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ìwọ ò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀.

Ó ku ìdáhùn mi lórí Tinú. Lẹ́yìn ìsìn lónìí, mo jókòó tì í lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ohun tí mo ṣe nípa àwọn ìwé ọjọ́ náà kò dáa, mo sì jẹ̀bi. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo gbọ́." Mo wá bi í bóyá ó fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ ní Bàrígà. Nínú gbogbo ọdún tá a ti jọ ń gbé, mi ò bi í léèrè ibi tó fẹ́ lọ rí. Èmi ni mo máa ń pinnu.

Ó ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ń sín ìlẹ̀kẹ̀."

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà náà sílẹ̀, ó wò mí. "Bọ̀dá, ta ni wọ́n ń sín in fún?"

Mo ní n ó bi ọ́. Ó ní, "Ẹ ní kó wá sọ fún mi fúnra ẹ̀."

Kò tíì ní òun á wá, kò sì ní òun ò ní wá, èmi ò sì ní bá a sọ ọ́. Wá dá a lóhùn. Bí o ò bá tíì ní ìdáhùn, má tíì wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.